Ewéko Tó Ń Fa Mẹ́táàlì, Òjé Inú Ilẹ̀, àti Ọgbà Ẹ̀fọ́ Màmá Mi

Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a ń gbé ní Prince George's County ló ti wa ọkọ̀ gba Powder Mill Road kọjá ní Beltsville. Pápá lọ́tùn-ún, pápá lósì, àgbàdo, màlúù díẹ̀, àwọn ilé bíríkì àtijọ́. Àwọn ọmọ mi rò pé oko ẹnì kan ni. Rárá o. Ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ti ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ni, láti 1910 ló ti wà níbẹ̀, ilẹ̀ rẹ̀ sì lé ní 6,000 éékà. Bí ẹ bá ti gbọ́ orúkọ tòlótòló kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Beltsville Small White rí, ibẹ̀ ló ti wá.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ tòlótòló ni mo gbé wá. Ibẹ̀ náà ni onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kan tó ń jẹ́ Rufus Chaney ti ṣiṣẹ́ fún ohun tó lé ní 40 ọdún. Òun ló gbé èrò kan kalẹ̀ tí àwọn onímọ̀ káàkiri ayé ń tẹ̀ lé báyìí: pé a lè gbin àwọn ewéko kan sórí ilẹ̀ tí kùsà ti bà jẹ́, kí wọ́n fa mẹ́táàlì inú ilẹ̀ náà sínú ewé wọn, kí a wá gé wọn, kí a sì kó májèlé náà kúrò bí ẹni ń kórè. Phytoextraction ni wọ́n ń pè é. Mo wá Yorùbá rẹ̀ títí, n kò rí. "Fífi ewé fa mẹ́táàlì" ni mo ń sọ nílé, ó sì yé àwọn ọmọ, ó tó bẹ́ẹ̀.

Ìdí tí mo fi ń kọ ọ́ fún ẹ̀yin òbí ni pé ìròyìn náà ti dé ọ̀dọ̀ wa, àmọ́ ìdajì rẹ̀ ló dé. Nínú ẹgbẹ́ WhatsApp àwọn òbí tí mo wà, tí òtútù bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀ báyìí, ẹnì kan á fi í ránṣẹ́ pé kí a gbin sunflower sí ẹ̀yìnkùlé wa, pé ó máa fa lead kúrò nínú ilẹ̀. Lead yìí ni òjé. Ire ni ẹni tó ń fi í ránṣẹ́ ń fẹ́ fún wa. Ṣùgbọ́n Chaney fúnra rẹ̀, tó ṣiṣẹ́ ní máìlì díẹ̀ sí ilé wa, ló sọ ọ́ léraléra pé òjé kì í gbọ́ràn bẹ́ẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀

Ìdọ̀tí ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Omi ìdọ̀tí Washington, D.C., àti ti apá kan káńtì wa, Blue Plains ló ń lọ. Ní àwọn ọdún 1970, àwọn ará Beltsville ń wá bí wọ́n ṣe máa sọ ẹrẹ̀ tó ń ṣẹ́ kù níbẹ̀ di ajílẹ̀. Ìbéèrè wá dìde: mẹ́táàlì tó wà nínú ẹrẹ̀ náà, pàápàá zinc àti cadmium, ṣé kò ní í gba inú ewébẹ̀ dé inú àwo oúnjẹ wa? Iṣẹ́ Chaney nìyẹn, láti mọ irú ilẹ̀ àti irú ewéko tí mẹ́táàlì kò ti ní í gòkè. Níbi tó ti ń wá èyí ló ti yí ìbéèrè náà sódì. Tí a bá rí ewéko tó jẹ́ pé ńṣe ló ń wá mẹ́táàlì kiri ńkọ́? Ó kọ èrò náà sílẹ̀ nínú ìwé kan tó jáde ní 1983.

Irú ewéko bẹ́ẹ̀ wà lóòótọ́. Ní Katanga, ní Congo, òdòdó kan wà tó fẹ́ràn ilẹ̀ bàbà débi pé àwọn tó ń wá bàbà máa ń wo ibi tó bá hù sí. Ní New Caledonia, igi kan wà tí oje rẹ̀ ní àwọ̀ búlúù tó tún fẹ́ jọ àwọ̀ ewé. Nígbà tí àwọn onímọ̀ yẹ oje náà wò, tí wọ́n sì kọ ọ́ jáde ní 1976, ìdá 25 nínú 100 oje gbígbẹ náà ló jẹ́ nikẹli. Igi ni mo ń sọ o, kì í ṣe òkúta. Ní Yúróòpù, lórí ilẹ̀ àwọn kùsà zinc àtijọ́, ewéko kékeré kan wà tí orúkọ rẹ̀ lédè àwọn onímọ̀ ń jẹ́ Noccaea caerulescens. Zinc inú ewé gbígbẹ rẹ̀ lè ju ìdá 1 nínú 100 lọ. Ọ̀pọ̀ ewéko mìíràn ni yóò ti ṣàìsàn kó tó ní ìdámẹ́wàá ìyẹn.

Kí ló ń ṣe tí àwọn tó kù kò lè ṣe? Gbogbo ewéko ló nílò zinc díẹ̀, bí ọbẹ̀ ṣe nílò iyọ̀. Tó bá ti tó, ọ̀pọ̀ wọn á ti ilẹ̀kùn gbòǹgbò, èyí tó bá sì ráyè wọlé, wọ́n á há a mọ́ inú gbòǹgbò níbẹ̀. Ti àwọn wọ̀nyí, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu. Kíákíá ni wọ́n ń gbé mẹ́táàlì gòkè, wọ́n á wá tì í mọ́ àwọn yàrá kéékèèké inú ewé níbi tí kò ti lè pa wọ́n lára. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé ààbò ló jẹ́ fún wọn: kòkòrò tó bá gé irú ewé bẹ́ẹ̀ jẹ kò ní í fẹ́ padà wá.

Oníṣẹ́ ọnà kan ló kọ́kọ́ bá Chaney gbé e dé orí ilẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ní 1991, òun àti Mel Chin, ọmọ Texas, gbin ọgbà kan sórí ààtàn Pig's Eye ní St. Paul, Minnesota, wọ́n sì pè é ní Revival Field. Ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń ran iṣẹ́ ọnà lọ́wọ́ ti gbà láti fún wọn lówó, ọ̀gá àgbà wọn fagi lé e, ó tún wá gbà á padà. (Ẹ ò rí i pé kò síbi tí wọn kì í ti í ṣe bẹ́ẹ̀.) Wọ́n gbin oríṣiríṣi síbẹ̀ kí wọ́n lè fi wọ́n wéra, àgbàdo àti letusi wà lára wọn. Ewéko kékeré ti Yúróòpù yẹn ló fakọ yọ. Wọ́n bá cadmium àti zinc nínú ewé rẹ̀.

Àmọ́ ó kéré, ó sì ń lọ́ra láti dàgbà, nítorí náà, ilẹ̀ tí zinc bá pọ̀ nínú rẹ̀ gan-an lè gbà á ní ọdún tó gùn ju ọjọ́ ayé ẹni lọ. Nikẹli ló gbà fún wọn jù. Chaney àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lo irú Alyssum kan, ewéko olódòdó yẹ́lò, wọ́n ní a lè gé e, ká sun ún, ká sì yọ nikẹli nínú eérú rẹ̀ fún títà. Ní Albania, àwọn olùwádìí ti kórè nikẹli tó lé ní 100 kílógíráàmù lórí hẹ́kítà kan. Ní Oregon ẹ̀wẹ̀, ewéko kan náà sá jáde kúrò nínú oko tí wọ́n gbìn ín sí, ó sì di èpò tí ìjọba ìpínlẹ̀ náà ń lé kiri títí di òní. Ẹ fi sọ́kàn: ewéko tó lágbára láti gbé lórí májèlé, kì í dúró síbi tí a bá ní kó dúró.

Irú iṣẹ́ yìí kì í yá. Ẹnì kan ní láti jókòó ti ilẹ̀ kan fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní oṣù Keje 2025, ẹ̀ka ìjọba tó ń bójú tó iṣẹ́ àgbẹ̀ kéde pé àwọn máa kó kúrò ní Beltsville díẹ̀díẹ̀. Ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí pápá yẹn kan gbogbo wa ní káńtì yìí, ó sì yẹ ká máa bi àwọn tó ń ṣojú wa léèrè.

Fífà yàtọ̀ sí fífaradà

Ibi tí ìròyìn WhatsApp ti ń dàrú nìyí. Oríṣi ewéko méjì ló wà. Ọ̀kan ń fa mẹ́táàlì sára. Èkejì kàn ń fara dà á ni. Ó ń hù níbi tí àwọn tó kù ti ń kú, àmọ́ ó fi mẹ́táàlì sílẹ̀ sínú ilẹ̀. Tony Bradshaw, onímọ̀ ará Britain, rí irú koríko bẹ́ẹ̀ lórí ilẹ̀ kùsà òjé àtijọ́ ní Wales ní àwọn ọdún 1950. Láti inú irú ìwádìí rẹ̀ ni wọ́n ti yan àwọn koríko tí wọ́n ń fi bo ilẹ̀ kùsà mọ́lẹ̀. Ìyẹn náà wúlò, bóyá ó tiẹ̀ wúlò ju fífà lọ. Ilẹ̀ tí koríko bò kì í di eruku, òjò kì í sì wọ́ ọ lọ sódò.

Ẹni tó bá fẹ́ fojú rí i, kó lọ sí Palmerton ní Pennsylvania. Wọ́n ń yọ́ zinc níbẹ̀ láti 1898 títí di 1980. Èéfín iná ìléru náà pa gbogbo igi tó wà lára òkè Blue Mountain, nǹkan bí 2,000 éékà, òkè náà wá dà bí orí apárí. Nígbà tí ìjọba fẹ́ tún un ṣe, wọn ò ní kí ewéko fa zinc tán. Wọ́n da ajílẹ̀ tí wọ́n fi ẹrẹ̀ ìdọ̀tí ìlú ṣe, eérú, àti ẹfun tí àgbẹ̀ máa ń fi pa kíkan ilẹ̀ sórí rẹ̀, wọ́n sì gbin koríko. Chaney wà lára àwọn tó ń ṣàlàyé ìdí tó fi ń ṣiṣẹ́: nínú ilẹ̀ tí kò kan mọ́, zinc àti cadmium máa ń so mọ́ erùpẹ̀, wọn kì í rọrùn fún gbòǹgbò láti gbé. Koríko ti hù níbẹ̀, ẹyẹ sì ti padà.

Èyí tó sún mọ́ wa ni Soldiers Delight, nítòsí Owings Mills. Òkúta abẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀ kún fún nikẹli àti chromium látọwọ́ Ọlọ́run, wọ́n sì wa kùsà chromium níbẹ̀ ní àwọn ọdún 1800, nígbà tí àgbègbè Baltimore ń pèsè èyí tó pọ̀ jù tí ayé ń lò. Ẹ mú àwọn ọmọ lọ ní oṣù Kẹsàn-án. Ilẹ̀ náà dà bí ọ̀dàn ilé wa, koríko àti igi kúkúrú, pẹ̀lú àwọn òdòdó tí ẹ kò ní í rí níbòmíràn ní Maryland. Wọ́n ń fara dà á ni o. Wọn ò fọ ilẹ̀ náà mọ́.

Òjé

Ilé wa ní Mount Rainier ti wà kí ìjọba tó fòfin de ọ̀dà olójé fún ilé gbígbé ní 1978. Màmá mi, tó ń gbé lọ́dọ̀ wa, gbin ṣọkọ, tẹ̀tẹ̀, ata àti ewúro kan tó ń kẹ́ bí ọmọ sí ẹ̀bá ògiri, níbi tí oòrùn pọ̀ sí.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká gbé ọgbà yìí jìnnà sí ògiri díẹ̀."

"Àkànní, ilẹ̀ tí mo fọwọ́ ara mi ro? Kí ni ilẹ̀ ṣe?"

"Ọ̀dà ara ògiri ti ń ṣí bọ́ síbẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Òjé ló wà nínú rẹ̀."

"Òjé? Òjé tí àwọn ọlọ́bàtálá máa ń fi ṣe ẹ̀gbà ọwọ́?"

"Òun náà ni, mà."

Màmá wò mí, wọ́n wo ògiri. "Kó o tó fa ohun tí mo gbìn tu, lọ yẹ ilẹ̀ náà wò ná."

Ọ̀rọ̀ àgbà nìyẹn. A bu erùpẹ̀ lẹ́bàá ògiri, a bu òmíràn lẹ́yìnkùlé lọ́hùn-ún, a fi méjèèjì ránṣẹ́ sí ilé àyẹ̀wò. University of Maryland Extension ní àtòjọ àwọn ilé àyẹ̀wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, owó rẹ̀ kò sì tó owó bàtà ọmọdé. Ní 2024, EPA sọ ìwọ̀n òjé tó ń béèrè àkíyèsí nínú ilẹ̀ ilé gbígbé di mílígíráàmù 200 nínú kílógíráàmù erùpẹ̀ kan. 400 ni tẹ́lẹ̀. Ti ẹ̀bá ògiri wa kọjá 200. Ti ẹ̀yìnkùlé kéré gan-an. Màmá ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n sì ní kí n lọ gbé ṣọ́bìrì.

Kí ló dé tí sunflower kò lè ṣe é? Òjé máa ń dì mọ́ erùpẹ̀ pinpin. Èyí tó bá wọ gbòǹgbò, inú gbòǹgbò ló máa ń dúró sí, kì í gòkè débi ewé. Ní àwọn ọdún 1990, àwọn iléeṣẹ́ kan ń da kẹ́míkà EDTA sílẹ̀ kí òjé lè yọ́, kí ewéko mọ́sítádì lè fà á. Ó yọ́ lóòótọ́, àmọ́ púpọ̀ nínú rẹ̀ bá omi òjò lọ sísàlẹ̀, ó kọrí sí omi inú ilẹ̀. Chaney ta kò ó gbangba.

Ohun tó ń tẹnu mọ́ fún àwọn tó ń dáko láàárín ìlú ni pé ewu òjé kò fi bẹ́ẹ̀ gba inú ẹ̀fọ́ wá. Erùpẹ̀ fúnra rẹ̀ ni: èyí tí ọmọ fi ọwọ́ gbé sẹ́nu, èyí tí bàtà gbé wọlé, èyí tó lẹ̀ mọ́ ewé tí a kò fọ̀ dáadáa. Àwọn ohun tí a ń jẹ gbòǹgbò wọn, bíi kárọ́ọ̀tì, ló yẹ ká ṣọ́ra fún jù nínú irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, a kó ẹ̀fọ́ lọ sí inú àpótí onígi lẹ́yìnkùlé, a ra erùpẹ̀ tuntun, a da ajílẹ̀ mọ́ ọn. A fi koríko bo ẹ̀bá ògiri kí ilẹ̀ má ṣí sílẹ̀. Bàtà kì í wọ yàrá wa, ẹ̀yin náà mọ ìyẹn láti ilé àwọn òbí yín. Sunflower ńkọ́? Àwọn ọmọ gbìn ín, ó rẹwà, ẹyẹ jẹ èso rẹ̀.

Ẹ̀jẹ̀ ọmọ ni àyẹ̀wò tó ṣe pàtàkì jù. Ní Maryland, òfin ní kí wọ́n yẹ òjé wò nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ nígbà tó bá pé ọdún kan àti ọdún méjì. Bí dókítà kò bá rántí, ẹ rán an létí. Láti 2021, CDC ní tó bá ti tó máíkírógíráàmù 3.5 nínú désílítà ẹ̀jẹ̀ kan, kí wọ́n wá ibi tó ti ń wọlé. Òjé ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́, kì í sì í ṣe ohun tí ojú ń rí.

Mo gbọ́dọ̀ dárúkọ tìróò níbí, nítorí àwa Yorùbá ló kàn. Òkúta òjé tí wọ́n lọ̀ kúnná ni ọ̀pọ̀ tìróò. Ní 2012, CDC kọ nípa ọmọ ọwọ́ kan ní Boston tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà. Wọ́n bá òjé nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n yẹ ilé wò, kò sí ọ̀dà olójé níbẹ̀. Tìróò tí wọ́n ń fi lé ojú ọmọ náà ni. Nígbà tí wọ́n gbé e yẹ̀ wò, ó lé ní ìdá 80 nínú 100 rẹ̀ tó jẹ́ òjé. Bí ìyá àgbà bá fi ránṣẹ́, ìfẹ́ ló mú un ṣe é. Ẹ gbà á tìfẹ́tìfẹ́, ẹ dúpẹ́, ẹ má fi í lé ojú ọmọ.

Ìbéèrè láti Ìléṣà

Òkúta òjé kan náà ló pa ọmọ tó lé ní 400 ní Zamfara ní 2010. Góòlù ni àwọn èèyàn ń wá. Òkúta tí wọ́n ń lọ̀ nílé kún fún òjé, eruku rẹ̀ bo àgbàlá tí àwọn ọmọ ń ṣeré. Kò sẹ́ni tó gbin ewéko kankan. Wọ́n gbẹ́ erùpẹ̀ orí ilẹ̀ kúrò, wọ́n rì í mọ́lẹ̀ síbi tó jìnnà, wọ́n sì da erùpẹ̀ mímọ́ síbẹ̀. Ìlú tó kẹ́yìn, Bagega, parí ní 2013.

Ọmọ Ìléṣà ni bàbá mi. Góòlù wà nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà náà, ní Igun, ní Itagunmodi, ní Iperindo. Àwọn awakùsà tí a kò mọ̀ rí ti gbẹ́ apá kan oko kòkó ìdílé wa, wọ́n fi kòtò àti omi pípọ́n sílẹ̀ lọ. Ẹ̀yin náà ti rí àwòrán odò Ọ̀ṣun, bó ṣe di ẹrẹ̀. UNESCO fi igbó Ọ̀ṣun Òṣogbo sára ogún àgbáyé ní 2005, àmọ́ ní 2022, ìjọba ìpínlẹ̀ náà ń kìlọ̀ fún àwọn èèyàn pé kí wọ́n má mu omi odò náà.

Bàbá Kékeré, àbúrò bàbá mi, pè mí lórí fóònù. "Ìwọ tó ń gbé nítòsí àwọn onímọ̀, ṣé kò sí ewé tí a lè gbìn sílẹ̀ yìí kó lè padà sípò?"

Mo ka ohun tí mo rí kà kí n tó dá wọn lóhùn. Àwọn olùwádìí ní yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Abẹ́òkúta gbé ìwádìí kan jáde ní 2010 lórí sunflower àti ewéko olódòdó yẹ́lò tó kún ẹ̀bá ọ̀nà lọ́dọ̀ wa, Tithonia, èyí tí àwọn kan ń pè ní jogbo. Wọ́n ní méjèèjì fa zinc àti òjé sára. Ìwádìí gidi ni. Àmọ́ òjé tí wọ́n dà sínú ilẹ̀ náà, irú tó ń yọ́ nínú omi ni. Ti ilẹ̀ kùsà ti dì mọ́ òkúta àti erùpẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò lè ṣe bákan náà. Mercury tí àwọn kan fi ń kó góòlù jọ ńkọ́? Títí di báyìí, kò sí ewéko ìgbẹ́ kankan tí a mọ̀ pé ó ń fà á bí èyí tí mo sọ ń fa zinc.

Ohun tí mo sọ fún Bàbá Kékeré nìyí: "Ẹ má gbin ohun jíjẹ sí ibi tí wọ́n gbẹ́, bàbá. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ilẹ̀ náà àti omi kànga wò kí ẹ tó ná owó kankan. Ẹ gbin koríko vetiver sí etí kòtò àti etí odò, gbòǹgbò rẹ̀ ń wọlẹ̀ jìn, ó ń di ilẹ̀ mú. Kò ní í fọ ilẹ̀ mọ́, àmọ́ òjò kò ní í lè wọ́ ẹrẹ̀ yẹn dé odò."

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. "Ọdún mélòó ni ilẹ̀ yóò fi rí bẹ́ẹ̀?"

Mo ní ó lè pẹ́ ju àwa méjèèjì lọ. Wọ́n ní kò burú, pé ẹni tó gbin kòkó náà kò jẹ ẹ́ pẹ́. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n fi àwòrán àpò ọ̀rá mẹ́ta ránṣẹ́ sí mi, erùpẹ̀ wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n fi báírò kọ ibi tí wọ́n ti bu wọ́n sí ara rẹ̀: etí odò, abẹ́ ọsàn, ibi kòtò. Ìbàdàn ni wọ́n ń gbé e lọ fún àyẹ̀wò.